Ìdákẹ́ Tó Ṣáájú Orin

Ẹnì kan rìn nínú yàrá tí kò séèyàn. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kò sì jọ ohun tó yẹ kéèyàn tìtorí rẹ̀ sá. Ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo ni, bàtà aláwọ lórí pákó. Ó rọra balẹ̀, gìgísẹ̀ rẹ̀ wọ́ díẹ̀ kó tó dúró. Lẹ́yìn rẹ̀, yàrá náà dákẹ́. Lẹ́yìn ìdákẹ́ náà, gìtá bẹ̀rẹ̀.

Obìnrin tó gbọ́ ọ dá téèpù padà sẹ́yìn, ó tún un gbọ́. Ó ti lé lógún ọdún tó ti ń fi etí ṣiṣẹ́ jẹun, etí náà kò sì purọ́ fún un rí. Ó yẹ ìwé ara páálí téèpù wò. Ẹni tó gba orin náà sílẹ̀ láyé ọjọ́un ti kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà pé: "Àwo keje. Ìdákẹ́ yàrá, ìṣẹ́jú kan. Kò sẹ́nì kankan nínú yàrá."

"A jẹ́ pé ẹni tó kọ èyí kò ka ara rẹ̀ kún èèyàn nìyẹn," obìnrin náà wí, ó sì rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín, torí òun nìkan ló ń ṣiṣẹ́.

Alágbàfọ̀ ni àwọn onífàájì ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, orúkọ náà sì ti mọ́ ọn lára. Kì í ṣe aṣọ ló ń fọ̀. Orin ló ń fọ̀. Bí iléeṣẹ́ kan bá fẹ́ tún orin àtijọ́ gbé jáde, tí téèpù rẹ̀ sì ti ń há, tó ń pariwo bí epo tó ń ta nínú agbada, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n á gbé e wá. Á gbé ẹ̀rọ bo etí, á jókòó ti kọ̀ǹpútà, á sì máa ṣa ìdọ̀tí kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan: ikọ́ olórin, àga tó dún, ọkọ̀ tó kọjá níta lógójì ọdún sẹ́yìn. Bó bá ṣe tán, orin náà á mọ́ bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a.

Yàrá kan nínú ilé rẹ̀ ló fi ṣe ibi iṣẹ́, kò sì ṣàdédé rí bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló wà ní yàrá kejì. Lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Màmá. Ó gba apá ọ̀tún, ó gba ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó sì kó gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lọ, àfi méjì tó gbàgbé mú. "Ó tó" ni Màmá máa ń sọ bó bá ti jẹun yó. "Ẹ káàbọ̀" ló máa ń sọ bí ẹnikẹ́ni bá gba ẹnu ọ̀nà wọlé láti ìta. Kò sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀ rí, torí ọmọ rẹ̀ kì í ṣe àlejò.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Alágbàfọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti gba olùtọ́jú, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni Màmá sì pa ẹnu dé bí àgádágodo. Ọwọ́ ọmọ rẹ̀ nìkan ló ti ń gba oúnjẹ. Láràárọ̀, òòyà ló máa ń ṣáájú, ṣíbí a tẹ̀ lé e. Alágbàfọ̀ á ya irun funfun náà sí méjì, á rọra yà á títí Màmá á fi dijú, lẹ́yìn náà ni ẹnu á tó là. Ó máa ń fi í ṣàwàdà fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ bá mi tọ́jú ọwọ́ yìí o. Ọjọ́ tó bá kọṣẹ́, ebi ló máa pa màmá mi." Àwàdà ni lóòótọ́, àmọ́ òtítọ́ inú rẹ̀ pọ̀ ju ẹ̀rín rẹ̀ lọ.

Ẹni tó ni téèpù wọ̀nyí kì í ṣe kékeré. Bó o bá sọ pé "Onígìtá" láàárín àwọn tó mọ orin, wọn kò ní bi ọ́ pé èwo. Gìtá onígi ló ń ta, èyí tí wọn kì í fi iná sí, tó ní okùn mẹ́fà, orin àwọn àgbà tí wọ́n kọ sínú ìwé ló sì ń fi í ta. Ó ti ta á ní àwọn gbọ̀ngàn ńláńlá. Ó ṣe àwo orin mọ́kànlélógójì láàárín ogójì ọdún, kò sí èyí tí wọn kò yìn nínú rẹ̀. Wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣàṣìṣe.

Ohun mẹ́ta làwọn èèyàn máa ń sọ nípa rẹ̀. Èkíní, kì í bọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ì báà jẹ́ ọba. Àwọn kan ní ìgbéraga ni, àwọn kan ní ìka rẹ̀ ló ń ṣọ́. Èkejì, ó fi gìtá sílẹ̀ lójijì lọ́dún méjìlá sẹ́yìn, lẹ́yìn àwo kọkànlélógójì, ó gbé gìtá náà pa mọ́ sókè àjà, kò sì fọwọ́ kàn án mọ́ láti ìgbà náà. Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ ìdákẹ́.

Àwọn tó ń gba orin sílẹ̀ ní àṣà kan tí ará ìta kì í mọ̀. Kí olórin tó jókòó, wọ́n á lé gbogbo èèyàn jáde, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á sì gba ìdákẹ́ yàrá náà sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Yàrá kọ̀ọ̀kan ló ní ìdákẹ́ tirẹ̀, bí ilé kọ̀ọ̀kan ṣe ní òórùn tirẹ̀. Bí olórin bá húkọ́ láàárín orin, wọ́n á gé ikọ́ náà kúrò, wọ́n á sì fi díẹ̀ lára ìdákẹ́ yẹn lẹ ojú ibẹ̀, bí aránṣọ ṣe ń fi awẹ́ aṣọ kan náà lẹ ibi tó ya. Ohun èlò lásán ni. Kò sẹ́ni tó ń gbé e sórí àwo, àfi Onígìtá. Òun máa ń takú pé kí wọ́n fi ìṣẹ́jú náà síwájú orin, kó bá àwo lọ sí ilé gbogbo ẹni tó bá rà á. Àwọn oníwèé ìròyìn gbé e ga lórí rẹ̀. Wọ́n ní ó ń kọ́ aráyé ní sùúrù.

Ọmọ Onígìtá ló gbé àwọn téèpù náà wá, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tó ti lé díẹ̀ lógójì ọdún. Bàbá rẹ̀ fẹ́ pé ọgọ́rin ọdún, iléeṣẹ́ àwo sì fẹ́ kó gbogbo mọ́kànlélógójì jọ sínú páálí kan. Ọmọ náà ti fẹ́ máa lọ kó tó padà lẹ́nu ọ̀nà.

"Àǹtí, ẹ má bínú. Bàbá ní iṣẹ́ kan wà tí n gbọ́dọ̀ jẹ́ fún yín."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní ẹ fọ orin náà bó ṣe wù yín. Àmọ́ wọ́n ní kẹ́ ẹ má fọwọ́ kan ìdákẹ́ tó ṣáájú rẹ̀."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Mo bi wọ́n. Wọ́n ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀." Obìnrin náà rẹ ohùn sílẹ̀ díẹ̀. "Wọ́n ní kẹ́ ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."

Alágbàfọ̀ dáhùn pé òun ti gbọ́. Gbígbọ́ yàtọ̀ sí gbígbà. Ọ̀gá iléeṣẹ́ àwo ti sọ fún un lórí fóònù pé kó fọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, òun ló sì gbéṣẹ́ fún un. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ó mọ ara rẹ̀. Bó bá gbọ́ ìdọ̀tí, tí kò sì ṣa á, oorun kì í kùn ún.

Bó ṣe gé ìṣísẹ̀ ti àwo keje kúrò nìyẹn. Ó mú àwo kẹjọ, ó fi sí i. Ìṣẹ́jú kan ìdákẹ́ náà wà níbẹ̀, ìṣísẹ̀ kan sì wà láàárín rẹ̀. Bàtà aláwọ lórí pákó. Gìgísẹ̀ tó wọ́ díẹ̀. Ó wo páálí. Sítúdíò mìíràn ni, ní ìlú mìíràn, ọdún méjì lẹ́yìn ti ìṣáájú. Ó mú ìkọkàndínlógún. Bàtà kan náà ni, ọ̀nà tó gbà wọ́ ẹsẹ̀ kò yí padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n kọ ọ́ sára páálí yẹn pé kápẹ́ẹ̀tì ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀.

Ó fi ọwọ́ lérán. Ẹ̀rù kò bà á, ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn. Ohun tó ṣe é ni ohun tó máa ń ṣe oníṣẹ́ ọwọ́ bó bá rí iṣẹ́ ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ tí kò yé e. Ó rò ó pé bóyá ẹnì kan ti da àwọn téèpù pọ̀ mọ́ra, pé bóyá wọ́n da ohùn yàrá kan sórí gbogbo wọn. Ìyẹn tó fún un, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Bó bá jẹ́ pé ẹlòmíì ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ ì bá tán síbẹ̀. Ẹlòmíì a máa gé ìdọ̀tí, a sì dà á nù. Àmọ́ ọ̀gá tó kọ́ Alágbàfọ̀ níṣẹ́ ti kìlọ̀ fún un pé alágbàfọ̀ tó bá mọṣẹ́ kì í da omi nù kó tó ka bọ́tìnnì. Nítorí náà, ohunkóhun tó bá gé, á tò ó síbì kan nínú kọ̀ǹpútà, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra, kó má baà jẹ́ pé ohun tó ṣe pàtàkì ló gé láìmọ̀. Bó bá sì parí iṣẹ́, á jókòó, á gbọ́ gbogbo ìdọ̀tí náà láti òkè délẹ̀ kó tó fọwọ́ sí i pé iṣẹ́ ti tán. Ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tó ti ń kọ́ṣẹ́, kò sì fojú fò ó rí.

Ó parí iṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, oòrùn wà lójú fèrèsé, àwọn ọmọléèwé ń ti ilé ìwé bọ̀ lójú títì. Mọ́kànlélógójì ni ìdọ̀tí tó gé kúrò nínú ìdákẹ́, ó sì ti tò wọ́n láti orí àwo àkọ́kọ́ dé orí ìkẹyìn. Kò gbé ẹ̀rọ botí. Ó jẹ́ kí wọ́n máa dún nínú yàrá, kó lè mu tíì rẹ̀ bó ṣe ń gbọ́.

Èyí àkọ́kọ́ ni ọwọ́ ilẹ̀kùn tó ń yí. Èkejì ni ilẹ̀kùn tó ṣí. Ẹ̀kẹta ni ilẹ̀kùn tó padà dé, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ. Lẹ́yìn náà ni ìṣísẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ó gbé ife tíì kalẹ̀.

Nígbà tí wọ́n wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìdọ̀tí ni wọ́n. Nísinsìnyí tí wọ́n tẹ̀ léra, èèyàn kan ló ń bọ̀. Ó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan súnmọ́ ju ti ìṣáájú lọ, tinútinú, láìkánjú, bí ẹni tó mọ̀ pé àga òun kò ní sá lọ. Ó rìn fún ogójì ọdún, kò sì tó ìṣẹ́jú kan tó fi dé. Ìkejìdínlógójì ni àga tó dún lábẹ́ ẹni tó jókòó. Ìkọkàndínlógójì ni aṣọ tó fara ra igi. Ogójì ni èékánná kan tó kan igi gìtá, ó kàn án lẹ́ẹ̀kan péré. Ìkọkànlélógójì ni èémí.

Ó fa èémí náà sínú, bí olórin ṣe máa ń ṣe kó tó bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni téèpù parí sí. Kò tú u jáde.

Alágbàfọ̀ jókòó, ó ń dúró. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé òun náà ti di èémí tòun mú. Yàrá náà pa lọ́lọ́. Láti yàrá kejì, ó gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀, jẹ́jẹ́, ketekete.

"Ẹ káàbọ̀," Màmá wí.

Ó dìde, ó lọ wo ẹnu ọ̀nà ìta. Ó wà ní títì. Ó wọ yàrá Màmá. Ojú Màmá kò sí lára rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń wò, pẹ̀lú ẹ̀rín ìtẹ́wọ́gbà tó fi ń kí àlejò tí kò mọ̀ rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, orí ìka ọwọ́ òsì Alágbàfọ̀ ń ta á. Ó rò pé iná ló jó o. Ní ọjọ́ kẹta, awọ orí ìka mẹ́rin náà ti le. Èékánná ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gùn, èyí tó máa ń gé lọ́jọ́ Sátidé gbogbo, ó sì tún gùn lẹ́yìn tó gé e. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó ń fún Màmá lóúnjẹ, ọwọ́ rẹ̀ gbé ṣíbí dé ìdajì ọ̀nà, ó sì tú u sílẹ̀. Kò yọ̀ bọ́. Ìka rẹ̀ ló ṣí, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, bí ẹni tó ní ohun mìíràn láti ṣe. Oúnjẹ dà sí Màmá láyà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì mú ṣíbí lẹ́yìn ìyẹn, ó sì gbà á ní wákàtí kan gbáko kí Màmá tó sọ pé "ó tó".

Ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rù bà á. Ó bẹ aládùúgbò kan kó bá òun jókòó ti Màmá, ó sì lọ sílé Onígìtá.

Ọmọ bàbá ló ṣílẹ̀kùn fún un. Nínú pálọ̀, ọkùnrin tí wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣàṣìṣe jókòó nítòsí fèrèsé, ó ń bó ọsàn. Ó ti bó márùn-ún sínú àwo, ó ń bó ìkẹfà, èèpo rẹ̀ ń jáde gbọọrọ láìjá, ó sì ń fi í ṣe fàájì bí ọmọ tó ń ṣeré. Ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́ta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti òwú.

"Bàbá ló ń gán gbogbo bọ́tìnnì inú ilé yìí," ọmọ rẹ̀ wí. "Wọn kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kan abọ́, àwọn ló ń fọ̀ ọ́. Mo ní kí wọ́n sinmi, wọ́n ní ìsinmi náà nìyẹn."

Alágbàfọ̀ kúnlẹ̀. Onígìtá na ọwọ́ láti fà á dìde, ọwọ́ tí kì í bọ ọba lọ́wọ́. Bí ìka rẹ̀ ṣe kan ìka obìnrin náà, ó dúró. Ó yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sókè, ó gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, ó sì fi àtàǹpàkò tẹ orí ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

"O máa ń ta gìtá ni, ọmọ mi?"

"Rárá, Bàbá. Mi ò gbé e dání rí."

Ó jókòó padà.

"O fọ ìdákẹ́ náà."

"Mo fọ̀ ọ́, Bàbá. Ẹ forí jì mí."

"Ohun tó o rí níbẹ̀, o dà á nù?"

"Mi kì í da nǹkan nù. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn."

"Ojú kan náà lo kó wọn sí?"

"Ojú kan náà ni."

"O tò wọ́n?"

"Láti orí àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn."

Ó gbé ọ̀bẹ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọsàn. "O sì gbọ́ ọ tán."

"Mo gbọ́ ọ tán, Bàbá. Ta ni?"

"Mi ò mọ̀. Mi ò rí ojú rẹ̀ rí." Ohùn rẹ̀ kò ga, kò sì gbọ̀n, ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń júwe ọ̀nà fún àjèjì. "Olórin ni. Kò ní ọwọ́ tirẹ̀ ni."

Ó sọ ìyókù láìkánjú. Ọmọ ogún ọdún lòun nígbà náà. Ọ̀gá tó ń kọ́ ọ ní gìtá kìlọ̀ fún un pé bí òun ọ̀gá bá ti wọ yàrá, tí òun sì ti ilẹ̀kùn, kó má dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó dúró. Ó gbọ́ ọ láti ìgbà tí ọwọ́ ilẹ̀kùn yí títí dìgbà tí èémí wọlé. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, kò sí orin tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ̀. Ọ̀gá rẹ̀ sì ń kiri àdúgbò, ó ń bọ gbogbo èèyàn lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jáde lẹ́wọ̀n.

"Ọwọ́ tó bá gbà, kì í yá ẹnikẹ́ni lò," ó wí. "Mi ò lè de bọ́tìnnì. Mi ò lè di ṣíbí mú. Ìyá ọmọ yìí ló fi oúnjẹ sí mi lẹ́nu fún ọgbọ̀n ọdún, tí aráyé ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Ìgbà tá a ṣe àwo àkọ́kọ́, wọ́n lé gbogbo wa jáde, wọ́n gba ìdákẹ́ yàrá sílẹ̀. Mo délé, mo sì de bọ́tìnnì mi. Ọ̀kan péré. Ìgbà yẹn ló yé mi pé díẹ̀ lára rẹ̀ ti kù sínú téèpù. Wọ́n ní ìfẹ́ orin ló jẹ́ kí n ṣe mọ́kànlélógójì. Mò ń bu ú kúrò lára mi ni, díẹ̀díẹ̀. Mo sì ní kí wọ́n máa tà á kiri, kó má baà gbára jọ. Ìṣísẹ̀ kan nínú ilé kan kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan."

Ọmọ rẹ̀ kò tíì gbọ́ èyí rí. Ó dúró lẹ́yìn àga, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ó ku àwo méjì kí n tó lè di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú," bàbá náà wí, "ló kú."

Alágbàfọ̀ ní òun á dá gbogbo rẹ̀ padà. Ó wà lọ́wọ́ òun, òun mọ ojú ibi tí òun ti gé ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò ju iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta lọ.

"Nígbà tó o bá délé, gbọ́ ọ wò," Onígìtá wí, "bóyá ó ṣì wà níbẹ̀."

"Kí ni mo wá fẹ́ ṣe, Bàbá?"

"Máa ta gìtá. Á kọ́ ọ. Olùkọ́ tó dáa ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Gbà á sílẹ̀, kó o sì máa fọ́n ọn ká bí mo ṣe fọ́n ọn ká."

"Ọdún mélòó?"

"Èmi fi ogójì ọdún ṣe é."

Lóde, ẹnì kan ń gbá àgbàlá.

"Màmá mi ti pé ọdún méjìdínlọ́gọ́rin," Alágbàfọ̀ wí.

Bàbá náà tẹjú mọ́lẹ̀. Ó mú ẹ̀là ọsàn kan látinú àwo, ó nà án sí i. Alágbàfọ̀ fẹ́ gbà á. Ọwọ́ rẹ̀ gbéra, ó dé etí àwo, ìka rẹ̀ sì tẹ́ lọ lórí etí àwo náà, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń gbéra, wọ́n tún ń tẹ̀ ẹ́. Ọmọ Onígìtá ló gba ọsàn náà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, tó sì fi í sí Alágbàfọ̀ lẹ́nu. Bó ṣe ń jẹ ẹ́ ló ń sunkún.

Nígbà tó délé, ó gbọ́ ọ wò. Mọ́kànlélógójì wà níbẹ̀ lóòótọ́, wọ́n pé, kò sí èyí tó kúrú. Kò sí ohùn kankan nínú wọn. Ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, bó tilẹ̀ mọ̀ pé ẹyẹ ti fò, ìtẹ́ lòun ń jó. Ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀gá iléeṣẹ́ àwo pè é lórí fóònù. Ó ní òun kò gbọ́ ìdákẹ́ tó mọ́ tó yẹn rí láyé òun, ó ní kó kú iṣẹ́, kó kú ọgbọ́n ọwọ́.

Láàárọ̀, ó gbé oúnjẹ Màmá kalẹ̀ lórí tábìlì, ó sì mú òòyà. Mímú un kò nira, èyí sì dùn mọ́ ọn nínú. Ó ya irun náà sí méjì. Ó gbé òòyà sókè láti yà á, ọwọ́ náà sì dúró sókè. Ọwọ́ òsì dìde láìjẹ́ pé ó rán an. Ó di ẹ̀yìn òòyà mú, ìka mẹ́rin tẹ̀ ẹ́ lójú ibi mẹ́rin. Èékánná ọwọ́ ọ̀tún kan eyín òòyà kan, ó dún. Ó kan òmíràn.

Ó mọ gbogbo orin tí Onígìtá gbà sílẹ̀, ó ti fọ gbogbo wọn. Èyí kì í ṣe ọ̀kan nínú mọ́kànlélógójì náà. Tuntun ni. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀, ó gbọ́ tí ẹnì kan tú èémí jáde, pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ti di í mú tipẹ́.

Màmá yí orí padà. Kò wo ojú ọmọ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló wò, ó wò ó dáadáa.

"Ẹ káàbọ̀," ó wí.

Lẹ́yìn náà, ó la ẹnu, ó ń retí ṣíbí.